ÀWỌN ỌMỌ ÀGBÀTỌ́ TÍ A RÁN LỌ SÍ KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ



Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìtọ́jú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí fi iṣẹ́ rán wa pé kí a kọ ìtàn nípa ẹ̀kọ́ ìwé nínú Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni láti to orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí àṣà irú ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń hàn sí wa pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́lá ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ó ní bàbá tí yóò san owó. Àwọn ọmọ tí a gbà tọ́ ni, àwọn tí ogun ti já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, tí wọn kò sì ní ilé kan tí wọ́n lè pè ní ti bàbá wọn. Ìtàn wọn ni a ó sọ, a ó sì béèrè ohun kan tí àwọn tí ń kọ irú ìwé báyìí kì í sábà béèrè: ta ni ó san owó rẹ̀?

Gbígba ọmọ tọ́ kì í ṣe ohun àjèjì láàrin wa. Mélòó nínú wa ni kò gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tàbí lọ́dọ̀ olùkọ́ kan nígbà èwe rẹ̀? Ṣùgbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà ilé. Bí ìyà bá pọ̀ jù, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kò ní ibi tí wọn yóò padà sí. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin ọdún 1807 ka òwò ẹrú léèwọ̀, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa lé àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọn a sì máa kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Láti nǹkan bí ọdún 1820 síwájú, àwọn tí ń sọ èdè wa sì pọ̀ sí i láàrin wọn, nítorí ogun tí ó ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ẹ̀gbá. Ìjọba fi àwọn kan sọ́dọ̀ àwọn onílé nínú ìlú náà pé kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kò yẹ kí a fi òtítọ́ pamọ́: púpọ̀ nínú àwọn onílé wọ̀nyí lo ọmọ ọlọ́mọ bí ìwọ̀fà tí kò ní ọjọ́ ìràpadà. Àwọn ọmọ mìíràn bọ́ sí àwọn ìletò orí òkè, bíi Leicester, Regent, Gloucester àti Bathurst, níbi tí Ẹgbẹ́ C.M.S. ti ń tọ́jú ilé-ìwé, oríire ńlá ni èyí sì jẹ́ fún wọn.

Owó tí a fi ń bọ́ àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ẹgbẹ́ C.M.S. kéde fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ìlú Òyìnbó pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dá £5 lọ́dọọdún lè fi í tọ́ ọmọ kan, ó sì lè yan orúkọ tí a ó fi pe ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ọmọ Áfríkà kan ń jẹ́ orúkọ àlùfáà tàbí ìyáàfin kan tí kò fi ojú rí i rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ wa nínú tán. Orúkọ ni ọmọ fi ń mọ ìdí ilé, oríkì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó fi £5 ra oúnjẹ fún ọmọ kò ra ẹ̀tọ́ láti pa ìyẹn rẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀ £5 náà di oúnjẹ, ó di aṣọ, ó di ìwé, àwọn tí ó sì ń dá a kì í ṣe ọlọ́rọ̀ gbogbo wọn.

Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni Àjàyí ará Òṣogùn wà. Ogun kó o ní ọdún 1821 pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. A sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, tí gbogbo wọn jẹ́ 187. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún náà ni Àjàyí sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró. A fi í sí Bathurst. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀, ó sì kọ́ ìwé. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Òyìnbó míṣọ́nárì kan tí ń jẹ́ Davey àti aya rẹ̀ ni ó gbà á tọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London. Ní ọdún 1826 àwọn Davey mú un dání lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì lọ sí ilé-ìwé ìjọ ní Islington fún oṣù díẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1827, ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tó ogún ọdún tàbí tí ó sún mọ́ ọn. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó mọ̀wé kà. Ẹnikẹ́ni ìbá lè wí pé a ti ṣe tó fún un, kí ó máa lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni alágbàtọ́ púpọ̀ ń sọ nígbà tí irùngbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní àgbọ̀n ọmọ àgbàtọ́ wọn, àtàrí púpọ̀ sì ti ti ibẹ̀ ṣègbé. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà gan-an ni Ẹgbẹ́ C.M.S. ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Fourah Bay lábẹ́ àlùfáà ará Jámánì kan, Charles Haensel. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni a fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ Crowther sì wà ní ipò kìn-ín-ní. Inú ọgbà náà ni wọ́n ń gbé, Ẹgbẹ́ náà ni ó ń bọ́ wọn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìbá lè dúró.

Ní ti ilé Fourah Bay, a fi ìpìlẹ̀ ilé titun lélẹ̀ ní ọdún 1845, nígbà tí Edward Jones jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Charleston ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú igi àjà ilé náà jẹ́ òpó àwọn ọkọ̀ ẹrú tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi tí a sì fọ́. Lábẹ́ òpó ọkọ̀ ẹrú ni àwọn ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú jókòó láti kọ́ èdè Látìnì. Ní ọdún 1876 ni a so kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham.

Crowther di olùkọ́. Ó gbé Asano níyàwó, ẹni tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun tí a sì tọ́ ní Sàró gẹ́gẹ́ bí òun náà. Ní ọdún 1842 a tún rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì C.M.S. ní Islington, Bíṣọ́ọ̀bù ti London sì fi í joyè díákónì àti àlùfáà ní ọdún 1843, ọdún tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: láti 1822 títí di 1843 ni àwọn kan fi ń ná owó lé e lórí. Ọdún mọ́kànlélógún! Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ pé díẹ̀ ni ọmọ tí a bí nínú ilé tí à ń fi sùúrù náwó lé lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, a mú ìyá rẹ̀ Afala wá bá a. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti ya ara wọn. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, ara wọn sì ń gbọ̀n. Ìyá náà ti di ẹrú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí wọ́n pínyà. Ní oṣù kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí a pè é ní Hánà, láti ìgbà náà ni ó sì ti ní ilé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ àgbàtọ́ pé kí wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Èyí kò gbàgbé.

Ìtàn Sarah Forbes Bonetta yàtọ̀. Àwọn ará Dàhòmì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn ní ọdún 1848, wọ́n sì kó ọmọdébìnrin náà lẹ́rú. Ní ọdún 1850 ọba Dàhòmì fi í ta Balógun ọkọ̀ Forbes lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria, ọbabìnrin náà sì gba owó ìtọ́jú rẹ̀ rù. A rán an lọ sí ilé-ìwé àwọn obìnrin ti C.M.S. ní Freetown ní ọdún 1851. A mú un padà ní 1855, ó sì ń gbé ní Gillingham lọ́dọ̀ àlùfáà Schön àti aya rẹ̀. Ọmọ náà jáfáfá, kò sì sí ohun tí ó ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n nígbà tí J. P. L. Davies, oníṣòwò ará Èkó, wá fẹ́ ẹ, ìwé tí ó kọ sí Ìyáàfin Schön fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ní àkọ́kọ́. Síbẹ̀ a ṣe ìgbéyàwó náà ní Brighton ní oṣù kẹjọ ọdún 1862. Ẹni tí ó ń san owó ni ó ní ọ̀rọ̀ nílé. Àwa tí a ń ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lónìí lè rántí Sarah nígbà tí a bá ń bínú pé ọmọ tí a ń tọ́ kò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí a yàn fún un. Davies tìkára rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ilé-ìwé C.M.S. ní Freetown kọ́. Nígbà tí T. B. Macaulay ṣí Grammar School C.M.S. ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, òun ni ó fún un ní £50 láti ra ìwé àti ohun èlò. Ọmọ mẹ́fà ni a fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Ìbàdàn, ilé David àti Anna Hinderer ní Kúdẹtì ni ilé àgbàtọ́. Láti ọdún 1853 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ, Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ Olúńlọ́yọ̀ọ́, sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí a rà padà lóko ẹrú àti àwọn tí kò ní ẹnìkan tẹ̀ lé wọn. Nígbà ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó ẹyọ tán, wọ́n sì ń ta ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Wọn kò lé ọ̀kan kúrò. Àwọn kan nínú wọn ni ó di olùkọ́ àti ajíhìnrere lẹ́yìn tí àwọn Hinderer lọ ní ọdún 1869, nígbà tí iṣẹ́ Ìbàdàn bọ́ sí ọwọ́ Daniel Olúbi. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà ni a ṣí lọ sí Èkó ní 1867, tí a sì gbé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, èyí tí a mọ̀ sí St. Andrew's.

Kí a má ṣe fi ìyìn bo ohun tí ó kù mọ́lẹ̀. Mẹ́fà ní Fourah Bay, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún! Àwọn tí wọ́n jọ ti inú ọkọ̀ kan náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Àjàyí, ẹni mélòó ni a rántí orúkọ rẹ̀? Kì í ṣe pé orí wọn kú. Kò sí ẹni tí ó yàn wọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1002 lé ní 1000, èyí ni 2002, pèsè owó tí ó lè tó 5,000 dọ́là lọ́dún fún ẹ̀kọ́ gíga ọmọ tí ó ti ọwọ́ àgbàtọ́ ìjọba jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2000 lórí àwọn tí ń jáde kúrò nínú ìtọ́jú ìjọba paṣẹ ohun kan tí ó dà bí ohun kékeré: pé kí a wá ibùgbé fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Ẹni tí ó gbé òfin náà kalẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí yunifásítì bá pa ilẹ̀kùn, tí gbogbo ọmọ ń di ẹrù lọ sílé, ọ̀dọ́ tí kò ní ilé ni ó ń rìn kiri. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 2003, mọ gbígba ọmọ tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún ni ó ń pè ní ọmọdé.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀rọ̀ àgbàlá tiwa. Iyàrá mẹ́ta ń bẹ lẹ́yìn ilé àlùfáà, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó ti oko wá ti ń sùn nígbà àwọn bàbá wa. Àwọn kan dámọ̀ràn pé kí a sọ wọ́n di ìsọ̀ fún àwọn oníṣòwò, kí owó rẹ̀ lè ran ayẹyẹ yìí lọ́wọ́. Àwọn kan wí pé kí a tún wọn ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a tọ́ ní ilé ọmọ aláìlóbìí tí wọn kò ní ibi tí wọn yóò lọ nígbà ìsinmi, kí ìjọ sì máa fi ọwọ́ kún owó ẹ̀kọ́ wọn títí wọn yóò fi gboyè. Àwa tí a kọ ìwé yìí wà pẹ̀lú àwọn ti ìkejì, a kò sì fi í pamọ́. Ìgbìmọ̀ Ìjọ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn Ìkórè. Kọ́kọ́rọ́ àwọn iyàrá náà wà lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n. Èyí tí ó wà ní igun nìkan ni òrùlé rẹ̀ ń jò.