Ìkànnì Láíbìrì Yunifásítì àti Àwọn Tí Kò Ríran: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Ṣẹ̀ Wá

Rélùwéè dé Kano ní 1911, òun ló sì kó ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Yorùbá wá sí Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀. Bayero University, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní BUK, wà ní Kano kan náà lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè jókòó sí ilé rẹ̀ ní Railway Quarters kí ó fi fóònù wá ìwé nínú kátálọ́ọ̀gù láíbìrì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá wá ríran ńkọ́? Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè di máòsì mú ńkọ́? Ìtàn bí ayé ṣe ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti fọ́n káàkiri: àwọn kan ní òfin aláàbọ̀ ara ti 2019 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 1998. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tẹ̀lé ara rẹ̀.

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, ìwé Braille ni afọ́jú ń fi ọwọ́ kà. Ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní Gindiri ní 1953, Pacelli, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fún wọn, sì bẹ̀rẹ̀ ní Surulere, l'Ékòó, ní 1962.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ìwé fún afọ́jú? Àríyànjiyàn wà lórí èyí, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó. Àwọn kan ń dárúkọ Fournier d'Albe, tó ṣe optophone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1913. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yẹn sọ lẹ́tà di ìró, àmọ́ ìró bíi ti orin ni. Afọ́jú ní láti kọ́ ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè mọ ohun tó wà nínú ìwé, kíkà rẹ̀ sì lọ́ra gan-an. Raymond Kurzweil ló gbé ẹ̀rọ tó fi ohùn bíi ti ènìyàn ka ojú ewé ìwé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 1976. Olórin Stevie Wonder ló kọ́kọ́ ra ọ̀kan. Èmi gbà pé ọ̀dọ̀ Kurzweil ni ìtàn láíbìrì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tirẹ̀ ni a lè gbé ka tábìlì láíbìrì kí ẹnikẹ́ni lò ó láìkọ́ èdè tuntun.

Ti kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e. Ní 1989, Ted Henter, tí jàǹbá ọkọ̀ fọ́ lójú, gbé JAWS jáde, sọ́fítíwíà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ti Windows jáde ní 1995. JAWS dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọdún 2006 sí ju 1989 lọ: ọdún yẹn ni Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA, tí Jamie Teh, afọ́jú bíi tirẹ̀, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà àlòkù. Nígbà tó di 2009, iPhone àti fóònù Android náà ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tó lè kàwé kò wúlò bí ìkànnì kò bá ṣeé kà. Ní 1997, W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹ̀ka yìí gbé ìlànà WCAG àkọ́kọ́ jáde ní oṣù karùn-ún 1999. Àwọn tó ń tọ́ka sí Amẹ́ríkà kò parọ́: ní 1998 wọ́n tún Section 508 ṣe, òfin tó ní kí aláàbọ̀ ara lè lo ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ òfin náà kàn pa àṣẹ ni. Ìparí ọdún 2000 ni wọ́n tó kọ ohun tí ìkànnì gbọ́dọ̀ ṣe, inú WCAG ni wọ́n sì ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà 1999 ni mo fara mọ́. WCAG 2.0 jáde ní 2008, 2.1 ní 2018, 2.2 ní 2023.

Ohun tí ìlànà náà béèrè kò le. Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tí ẹ̀rọ lè kà. Kí ènìyàn lè fi kíbọ́ọ̀dù nìkan dé ibi gbogbo. Kí àwọ̀ lẹ́tà yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó kéré tán 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kékeré. Kí fídíò ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀ fún àwọn adití. Kí àpótí tí a ń kọ orúkọ ìwé sí sọ ohun tí a fẹ́ kí a kọ sí i.

Láíbìrì ní ìṣòro tirẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mìíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kátálọ́ọ̀gù Koha ti wà láti 2000, DSpace tí à ń kó iṣẹ́ ìwádìí sí ti wà láti 2002, ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà sì ń lo ọ̀kan tàbí méjèèjì. Èyí tó ń dí afọ́jú lọ́wọ́ jù ni ohun tí a ń kó sínú wọn. Bí a bá ya ojú ewé ìwé ìwádìí kan ní àwòrán tí a sì sọ ọ́ di PDF, ẹni tó ríran á kà á láìfura, NVDA kò sì ní rí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìwé èdè wa tún burú sí i. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a tẹ̀ kí Unicode, ìlànà lẹ́tà kọ̀ǹpútà fún gbogbo èdè, tó gbilẹ̀ lo fọ́ńtì àdáni fún ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Hausa pẹ̀lú ɓ, ɗ, ƙ. Ojú rí lẹ́tà tó tọ́, etí gbọ́ ìsọkúsọ. Ní Kano, níbi tí èdè méjèèjì ti ń gbé pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Láíbìrì kan tilẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́ nítorí irú iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà pe HathiTrust lẹ́jọ́, àkójọ ìwé tí àwọn yunifásítì sọ di ti kọ̀ǹpútà. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé fífún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀ ní ẹ̀dà tí wọ́n lè lò kò lòdì sí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé.

Ní ti Nàìjíríà, 2018 ló wà nínú orúkọ òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún tó fún ilé àti ọkọ̀ ti gbogbo ènìyàn láti tún ara wọn ṣe parí ní 2024. Ṣáájú rẹ̀, ní 2010, Nàìjíríà ti fìdí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara múlẹ̀, èyí tí abala rẹ̀ kẹsàn-án dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an. Ní 2017 a wọ àdéhùn Marrakesh lórí ẹ̀dà ìwé fún afọ́jú, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun tí a buwọ́ lù ní 2023 sì gba ẹ̀dà fún afọ́jú láàyè.

Ẹ̀yin olórí láíbìrì, ní BUK àti níbi gbogbo, ẹ yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù nìkan wá ìwé kan lórí ìkànnì yín. Ẹ má gbé PDF tí kò ní lẹ́tà nínú sókè mọ́. Kí ẹ tó ṣí ìkànnì tuntun, ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un láti yẹ̀ ẹ́ wò.