Ìṣẹ́jú 4 Kí Ẹ́ńjìnnì Tó Dún

Ẹ lè ní kí ló kan ará Àkúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ bóòtù. Ó kàn wá. Ìpínlẹ̀ kan náà ni wá pẹ̀lú Igbókọ̀dá, níbi tí èrò ti ń wọ bóòtù lọ sí Ayétòrò àtàwọn ìlú Ìlàjẹ mìíràn. Ìbéèrè tòní rèé: báwo ni bóòtù tí kò kọ lu nǹkankan ṣe ń ṣàdédé gbiná?

Ní ọdún 1886, Gottlieb Daimler gbé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ kékeré kan lórí odò Neckar ní Jámánì. Ẹ̀rù ń ba aráàlú pé á bú gbàmù. Wọ́n ní ṣe ló ta wáyà yí ọkọ̀ náà ká, kí wọ́n lè rò pé iná mànàmáná ló ń lò. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù wọn nídìí.

Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara bẹntiróòlù jáde wúwo tó ìlọ́po 3 sí 4 èyí tí à ń mí. Bí epo bá jò lára mọ́tò, títì ló ń bọ́ sí, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n inú bóòtù dà bí abọ́. Ṣe ni afẹ́fẹ́ epo á lọ ba sísàlẹ̀, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná kékeré tó ta lára bátìrì ti tó.

Ọ̀nà 2 ni wọ́n gbà wá ojútùú sí i. Ní 1909, Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀, níta gbangba, irú èyí tí à ń rí ní Igbókọ̀dá. Fún ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀, òfin Amẹ́ríkà ní 1940 ní dandan ni kí atẹ́gùn ráyè wọ ibẹ̀ kó sì jáde. Fún ọkọ̀ tí wọ́n kàn lẹ́yìn oṣù Keje 1980, wọ́n fi fáànù kún un. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pá rẹ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Àkọlé kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: kí awakọ̀ tan fáànù fún ìṣẹ́jú 4, kó yẹ ìsàlẹ̀ wò, kó tó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì.

Ṣé ẹ́ńjìnnì ìta wá ti gbà wá lọ́wọ́ ewu? Rárá. Ẹ́ńjìnnì wà níta, kẹ́ẹ̀gì epo ṣì wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá tì í sábẹ́ pákó, tí wọ́n fi tapólì bò ó, abọ́ ọjọ́sí náà la tún padà sí. Ojú gbangba ló yẹ kí kẹ́ẹ̀gì wà, kí ìdérí rẹ̀ le, kí sìgá sì jìnnà.

Bí ẹ bá wọ bóòtù tí ẹ gbóòórùn epo, ẹ má tijú. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó tó fa okùn ẹ́ńjìnnì: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ibẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé ná.” Ìṣẹ́jú 4 ò tó ohun tí a fi ń yẹ fóònù wò.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gba ojú omi.