Àbọ̀ nínú Àdúrà fún Ẹni tí ó ń lọ sí Mẹ́kà

Ohun méjì ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá máa ń tọrọ fún ẹni tí ó ń lọ sí Mẹ́kà: kí Ọlọ́run gba Hájì rẹ̀, kí Ó sì mú un padà délé láyọ̀. Láyé ìrìn ẹsẹ̀, àwọn mìíràn kò padà. Ọkọ̀ òfurufú gé ọ̀nà kúrú, ṣùgbọ́n kò mú ewu kúrò. Nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú, ènìyàn 176 kú ní Kánò ní 1973. 261 kú ní Jẹ́dà ní 1991. Hájì ni àwọn èrò ọkọ̀ méjèèjì ti ń bọ̀. Nítorí náà, ‘àlọ ire, àbọ̀ ire’ kì í ṣe ìkíni lásán. Ẹ̀bẹ̀ ni, àbọ̀ ni ó sì wúwo jù níbẹ̀.