Ìforítì Ọmọdé ní Òkè-Ògùn

Ìforítì ọmọdé ni kí nǹkan bàjẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí ó dùn ún, síbẹ̀ kí ó tún ọwọ́ bọ̀ ọ́. A kì í bí i mọ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ń kọ́ ọ nínú eré àti iṣẹ́ tí apá rẹ̀ ká. Ní Òkè-Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá níhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ti pẹ́ tí oko, omi pípọn àti òfì ti ń kọ́ ọmọ ní ìforítì.

Ìdí òfì ni ó ti hàn jù. Ní Ìṣẹ́yìn, ìlú aṣọ òkè, ọmọdé kì í ti orí òfì bẹ̀rẹ̀. Òwú kíká ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún un. Bó bá fà á jù, á já. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, á lọ́ mọ́ra. Ọmọ ọdún méje tí òwú já mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹta á ti máa sunkún. Bí ìyá rẹ̀ bá gbà á so, ẹkún á dá, ṣùgbọ́n ọmọ kò kọ́ nǹkan kan. Ìyá tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ fi oríkì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Pẹ̀lẹ́, Àkànní. Wá ibi tó ti já, kí o so ó." Á jókòó tì í títí yóò fi rí i so. Lójú tèmi, inú ìjókòó-tì yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, á bọ́ sórí òfì. Níbẹ̀, bó bá ṣi ìtẹsẹ̀ tẹ̀, iṣẹ́ ara aṣọ dàrú, wọ́n á sì ní kí ó tú u.

Eré náà ń kọ́ni. Nídìí ayò, ọmọ tí wọ́n na, tí wọ́n pè ní ọ̀pẹ lánàá, ló tún ń wá jókòó lónìí.

Àwọn kan gbà pé ìyà ló ń sọ ọmọ di akin, wọ́n á sì tọ́ka sí Àjàyí Crowther. Ọmọ ahunṣọ ni, ní Òṣoògùn lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àwọn tí wọ́n jọ kó lẹ́rú tí wọn kò padà wá ńkọ́? Ìyà kì í ṣe olùkọ́. Olùwádìí Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ 698 tí wọ́n bí ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, lọ́dún 1955, títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìṣòro yí ká jù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló yanjú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní àgbà kan, ó kéré tán, tó dúró tì wọ́n, ìbáà ṣe ìyá àgbà tàbí olùkọ́.

Iṣẹ́ tí apá ọmọ ká yàtọ̀ sí ìyà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí kànga ń gbẹ, ó yẹ kí ọmọ pọn omi, kí ike rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ọrùn rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Nàìjíríà ti ọdún 2003 gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láàyè fún ọmọ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, nínú ilé tàbí lóko. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lórí ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.