Àwọn Ẹ̀dà Àgbéléwò Fíìmù Kábọ́ì Sergio Leone, Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì Dé 4K

The Good, the Bad and the Ugly ni fíìmù kábọ́ì tí Sergio Leone, ọmọ ìlú Róòmù, ṣe ní 1966. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, orúkọ Faransé rẹ̀, Le Bon, la Brute et le Truand, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Òun ló kẹ́yìn nínú fíìmù mẹ́ta tí Leone fi Clint Eastwood ṣe olórí òṣèré. A Fistful of Dollars (1964) àti For a Few Dollars More (1965) ló ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta, tí Eastwood, Lee Van Cleef àti Eli Wallach ṣe, ló ń wá wúrà tí iye rẹ̀ tó 200,000 dọ́là, tí ẹnì kan rì mọ́ itẹ́ òkú nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ennio Morricone ló ṣe orin rẹ̀. Láti ìgbà tí fídíò ti wọ inú ilé ni wọ́n ti ń gbé fíìmù yìí jáde ní àgbéjádetúnjáde, àwọn ẹ̀dà náà kò sì dọ́gba. Gígùn wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀, ìró ìbọn inú wọn pàápàá yàtọ̀. Ẹni tó wò ó lórí kásẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí 1985 àti ẹni tó wò ó lórí Blu-ray ní 2014 lè jókòó sọ ìtàn kan náà fún ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí kì í ṣe ọ̀kan.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya fíìmù náà ló bí apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí. Ilẹ̀ Spéìnì ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù, ní aṣálẹ̀ Tabernas ní Almería àti ní agbègbè Burgos, níbi tí àwọn ọmọ ogun Spéìnì ti bá wọn gbẹ́ itẹ́ òkú Sad Hill tí fíìmù náà parí sí. Techniscope ni ọgbọ́n tí ayàwòrán, Tonino Delli Colli, lò. Nínú Techniscope, ihò méjì péré ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbà létí fíìmù, dípò mẹ́rin tó yẹ kó gbà. Ó dín owó kù, nítorí ìdajì fíìmù ni wọ́n ń lò, ó sì ń fúnni ní àwòrán tó fẹ̀ gan-an, tí fífẹ̀ rẹ̀ fi ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kékeré tí a bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ògiri sinimá máa ń fi àwọn hóró ara fíìmù hàn bí iyanrìn. Hóró yìí kì í ṣe àbùkù. Ara fíìmù náà ni. Ohun tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi hóró yìí ṣe ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò lára ẹ̀dà tó bá jáde.

Gígùn ni ìkejì. Ní 23 December 1966 ni wọ́n gbé fíìmù náà jáde ní Ítálì, gígùn rẹ̀ sì sún mọ́ wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn ní Róòmù, Leone fúnra rẹ̀ yọ ìran kan kúrò, níbi tí Tuco, tí Wallach ṣe, ti wọ inú ihò àpáta lọ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ United Artists fẹ́ gbé fíìmù náà lọ sókè òkun, wọ́n gé e sí i, ó sì ku ìṣẹ́jú 161. Ẹ̀dà yìí ni Amẹ́ríkà rí ní 29 December 1967. Nítorí pé wọ́n ti gé àwọn ìran wọ̀nyẹn kí ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó jáde, kò sẹ́ni tó fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí yóò dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 36.

Ilẹ̀ Faransé gbé fíìmù náà jáde ní March 1968, ilé iṣẹ́ Faransé ló sì ń pín fíìmù ní Dahomey, tó di Benin ní 1975. Méjì ni wọ́n: COMACICO àti SECMA. Wọ́n pín ọjà náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ti ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fíìmù kábọ́ì sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi hàn jù. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe mú fíìmù wọ̀nyí ní ọ̀kúnkúndùn hàn kedere nínú iṣẹ́ Moustapha Alassane, ọmọ ilẹ̀ Niger. Ọdún 1966 kan náà tí Leone ń ṣe tirẹ̀ ni Alassane ṣe Le Retour d'un aventurier, fíìmù kábọ́ì tí ọmọ Áfíríkà ṣe lórí ilẹ̀ Áfíríkà, tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ kábọ́ì àti ìbọn bọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní abúlé. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìlú rú. Zalika Souley, tó di ìlúmọ̀ọ́ká òṣèrébìnrin Niger, wà nínú rẹ̀. Serge Moati, ọmọ Faransé, wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì fi ohun tó rí ṣe fíìmù tirẹ̀, Les cow-boys sont noirs. Iṣẹ́ pàtàkì gbáà ni iṣẹ́ Alassane. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí fíìmù kábọ́ì ṣe sí ọkàn àwọn èèyàn apá ibí yìí kò gbọdọ̀ wo Leone kó má wo Alassane.

Ìgbà tí VHS jáde ní Japan ní 1976 ni fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí èèyàn lè rà gbé sílé. Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì ló ba The Good, the Bad and the Ugly jẹ́ jù lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé lóòró àti níbùú, fíìmù Leone sì fẹ̀ gan-an. Kí àwòrán lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gé e lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ohun tí wọ́n gé dànù sì lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpalára yìí hàn jù níbi ìjà ìkẹyìn ní Sad Hill. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta dúró ní igun mẹ́ta, Leone sì fi wọ́n sí ìpẹ̀kun àwòrán kí àlàfo àárín wọn lè máa dẹ́rù bani. Lórí kásẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á ṣẹ́ kù tàbí ilẹ̀ òfìfo lásán. Orin Morricone nìkan ló gbé ìran náà ró níbẹ̀.

Ètò tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún dá kún un. Tẹlifíṣọ̀n Benin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, tẹ̀ lé ètò Faransé tó ń jẹ́ SECAM. PAL ni Nàìjíríà ń lò. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rà ní Èkó tí wọ́n sì gbé wá sí Dassa-Zoumè ní Benin á ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n tó mọ SECAM nìkan, dúdú àti funfun ni yóò máa fi hàn. Ó di ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n tó gbọ́ ètò méjèèjì wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó lójú. Bẹ́ẹ̀ sì ni PAL àti SECAM jọ ní ìwà kan tí àwọn tó ń ra fíìmù kì í sábà mọ̀. Àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 25 ni ti tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyí. Nítorí náà wọ́n ń sáré fíìmù díẹ̀ láti bá a dọ́gba. Fíìmù oníṣẹ́jú 161 á wá parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 155, ohùn gbogbo èèyàn inú rẹ̀ á sì ròkè díẹ̀. Ẹni tó bá rí 155 lára páálí ẹ̀dà Yúróòpù kó má ṣe pariwo pé wọ́n ti gé fíìmù náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eré sísá nìkan ni.

VCD, tó gba ọjà kan ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, kò mú ìlọsíwájú bá fíìmù yìí. Dísìkì kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 lọ, fíìmù Leone á sì gba mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú àwòrán tí kò dára ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ.

DVD ló kọ́kọ́ dá ọ̀wọ̀ fíìmù náà padà. Ní 1998, ilé iṣẹ́ MGM gbé ẹ̀dà oníṣẹ́jú 161 jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀ kíkún. Ohun tó dára jù nínú DVD yẹn ni bó ṣe ṣe àwọn ìran tí wọ́n ti gé. Ó kó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 wọn sí ìpín ọ̀tọ̀, ní èdè Ítálì tí wọ́n fi sọ̀rọ̀, kò sì fi wọ́n lú fíìmù. Òǹwòran lè rí ohun tó sọnù, kó sì tún rí fíìmù bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní 2003, MGM yí ọ̀nà padà. Abẹ́ àbójútó John Kirk, òṣìṣẹ́ MGM, ni wọ́n ti dá àwọn ìran náà padà sáàárín fíìmù, ó sì di ìṣẹ́jú 179. Kí wọ́n lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pe Eastwood àti Wallach padà sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wallach ti pé ẹni ọdún 87 nígbà náà. Ẹni àádọ́ta ọdún ni nígbà tí wọ́n ya fíìmù náà. Van Cleef ti kú láti 1989, Simon Prescott ló sì fi ohùn rẹ̀ rọ́pò. Ìyàtọ̀ ohùn náà kò fara sin: ojú ọkùnrin géńdé, ohùn bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ìran inú ihò àpáta tí Leone fọwọ́ ara rẹ̀ yọ tún wọlé padà, nígbà tí Leone, tó kú ní 1989, kò sí níbẹ̀ mọ́ láti sọ̀rọ̀. Ìran tí ilé iṣẹ́ gé àti èyí tí onífíìmù gé kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ kan náà mú méjèèjì. Wọ́n tún pààrọ̀ púpọ̀ nínú ìró ìbọn àti àgbá láti fi ìró tó ń ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ yàrá wá, bẹ́ẹ̀ orísun kan ṣoṣo ni ìró fíìmù yìí ń gbà jáde látilẹ̀. Ẹ̀dà yìí ló jáde lórí DVD ní 2004. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò rọrùn láti rí ẹ̀dà tuntun mìíràn rà.

Ti Blu-ray ní àdánwò méjì. Ní èyí tó jáde ní 2009, wọ́n ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ láti pa hóró Techniscope rẹ́, òógùn, eruku àti irùngbọ̀n tí Delli Colli yà ní ìsúnmọ́ tòsí sì bá a lọ. Awọ ara àwọn òṣèré wá ń dán gbinrin. Ní 2014, wọ́n gbé ẹ̀dà mìíràn jáde láti inú fíìmù tí wọ́n tún kà ní ìwọ̀n 4K. Hóró padà, àwòrán mú ṣáṣá, ṣùgbọ́n wọ́n da àwọ̀ yẹ́lò bo gbogbo rẹ̀. Ojú ọ̀run Almería tó yẹ kó jẹ́ búlúù di àwọ̀ ewéko gbígbẹ, aṣọ funfun sì dà bí èyí tí a rẹ. Àwọn tó mọ fíìmù náà dáadáa kò gbà á.

Kino Lorber ló wá ọ̀nà àtúnṣe. Ní 2017, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yìí gbé Blu-ray àádọ́ta ọdún jáde pẹ̀lú ẹ̀dà méjèèjì, ti ilé sinimá àti ti ìṣẹ́jú 179, wọ́n sì gbìyànjú láti yọ yẹ́lò náà kúrò nínú ti ilé sinimá. Ní 2021, wọ́n gbé ẹ̀dà ilé sinimá jáde lórí dísìkì 4K, wọ́n fi èyí tó gùn sórí Blu-ray nínú páálí kan náà. Nínú gbogbo ohun tó ti jáde, ẹ̀dà ilé sinimá ti Kino, pẹ̀lú ìró orísun kan, ló sún mọ́ ohun tí ayé rí ní ìparí àwọn ọdún 1960 jù lọ, òun ló sì yẹ kí ilé ìkàwé tàbí ilé ìwé fi pamọ́.

Fún ilé kan ní Gbaffo, tàbí níbikíbi láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè, ìbéèrè àgbègbè tún wà níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù pín ayé sí àgbègbè, ẹ̀rọ kan kì í sì í gba dísìkì àgbègbè mìíràn. Fún DVD, àgbègbè 5 ni Benin wà, 2 sì ni Faransé. Dísìkì tí wọ́n rà ní Paris lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àgbègbè 5. Fún Blu-ray, Áfíríkà àti Yúróòpù jọ wà ní B, nítorí náà dísìkì Faransé, tó ní ohùn Faransé tí àwọn èèyàn Benin fi mọ fíìmù náà, á ṣiṣẹ́. Ti Kino ta kókó díẹ̀. Dísìkì 4K kò ní àgbègbè, èyíkéyìí nínú ẹ̀rọ 4K á gbà á. Ṣùgbọ́n Blu-ray inú páálí náà jẹ́ ti àgbègbè A, ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Cotonou á fi ẹ̀dà oníṣẹ́jú 161 hàn, èyí tó gùn kò sì ní ṣí lórí rẹ̀ àyàfi bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú tó ń gba gbogbo àgbègbè.