Kí ló dé tí 'lórí tábìlì' fi ń di 'tábìlì lórí' nínú èdè Twi?

Ìwé wà lórí tábìlì. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e kúrò ní Ìbàdàn dé Kumasi, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí ìwé wà yóò kúrò níwájú, yóò bọ́ sẹ́yìn.

Àwọn tó ń ṣáájú

Nínú èdè Yorùbá, "ní" àti "orí" ló di "lórí". "Ní" ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Orí tó wà lọ́rùn ènìyàn gan-an sì ni "orí". Háúsá, tí kò bá Yorùbá tan, gba ọ̀nà kan náà: láti ara "kai", tí í ṣe orí, ni "kan tebur" ti wá, láti ara "ciki", ìyẹn ikùn, ni "cikin" ti wá. "N'elu tebulu" ni Ìgbò ń wí.

Àwọn tó ń kẹ́yìn

"Nhoma no da pono no so" ni ti Twi ní Ghana: "pono" ni tábìlì, "so" tó kẹ́yìn ni orí. Nínú èdè Ewe, ní Ghana àti Togo, "xɔ me" ni inú yàrá: yàrá ló ṣáájú, inú ló tẹ̀ lé e.

Kí ló fà á?

Ẹ wo bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń to ohun ìní. "Ilé Kofi" ni Yorùbá ń wí. Orí tábìlì náà jẹ́ orí tí tábìlì ní. Háúsá àti Ìgbò ń tò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "Kofi fie" ni ti Twi. Olóhun ló ń ṣáájú, nítorí náà tábìlì gbọ́dọ̀ ṣáájú orí rẹ̀.

Ní 1963, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, Joseph Greenberg, gbé àyẹ̀wò èdè 30 jáde. Yorùbá wà lára wọn. Ó rí i pé àwọn èdè tó ń fi àbọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe sábà máa ń fi atọ́kùn kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Ìjọ ti Niger Delta rí. Twi kì í to àbọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tirẹ̀ ń kẹ́yìn: ìtẹ̀sí ni, kì í ṣe òfin.

Ohun tí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀

"On" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe "lórí" nígbà gbogbo. Àwòrán tí a fi ìṣó kọ́ wà lára ògiri. Aláǹgbá tó gun ògiri dé òkè pátápátá ló wà lórí rẹ̀. Bí ìkìlọ̀ bá ní kí a ṣọ́ra fún wáyà iná tó wà "lórí ògiri", òkè ni òǹkàwé lè máa wò, nígbà tí wáyà wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.