Éjẹ́ǹtì mú ọmọ onílẹ̀ kan wá? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ Àpápá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé rà l'Ékòó, ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tílé yẹn wà lórí ẹ̀ o.

Lọ́dún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ilẹ̀ kan l'Ápàpá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ní kí wọ́n sanwó ẹ̀. Kóòtù ibí ní àṣẹ lásán ló ní lórí ilẹ̀ náà, pé òun kọ́ ló nilẹ̀. Bàbá gbẹ́jọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá wọn lọ. Lọ́dún 1921, wọ́n dá wọn láre: ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ará ìlú, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yín wà. Bí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ ẹbí, ẹ ò tíì ra nǹkan kan lójú òfin, bẹ́ ẹ tiẹ̀ gba rìsíìtì. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà lóòótọ́, àmọ́ kò ní kí ọmọ kan dá ta ilẹ̀ ẹbí.

Éjẹ́ǹtì kan ní, "Àǹtí mi, ayé àtijọ́ nìyẹn." Mo ní kó mú mi lọ bá olórí ẹbí. Kò pè mí mọ́.